Onílé Kì Í Roko Lọ́jọ́ Ọ̀wẹ̀

Àwọn àlejò ti wọlé láti aago mẹ́wàá, wọn ò sì ṣe nǹkan kan.

Mo dúró níwájú awò ńlá tó gba ògiri kan tán, mò ń wò wọ́n nínú ẹ̀dọ̀fóró Màmá Àwẹ̀ró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì jagunjagun ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ibà, wọ́n tò yí etí olú tó ń hù níbẹ̀ ká bí àwọn tó dé ibi ìsìnkú tí wọn ò mọ ẹni tó kú. Olú ní tirẹ̀ ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ń ta ìtàkùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fà lọ síbi iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá.

"Alágbàsọ," mo ní, "kí ni wọ́n ń sọ?"

Alágbàsọ kò lójú, kò lẹ́nu. Àpótí dúdú kan ni lórí tábìlì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ omi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn wò, kó sì sọ ọ́ ní èdè tiwa. Ó ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ń dúró."

"Wọ́n ń dúró de kí ni?"

"Wọn ò sọ."

Mo pòṣé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú Ilé Ọ̀wẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀wẹ̀ ẹ̀jẹ̀ í bẹ̀ jù mí lọ ní gbogbo orí òkè Ìdànrè, àfi obìnrin tó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn mi yìí. Ẹ má pè é ní ìgbéraga. Ẹni tó mọ iṣẹ́ tó ń díbọ́n pé òun ò mọ̀ ọ́n, òpùrọ́ ni, kó lọ jókòó. Màmá Àwẹ̀ró ló dá ilé yìí sílẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mú abẹ́rẹ́ dání, òun ló gbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo mú un dání bí ẹni mú ṣíbí. Mo lè fara da kí ọ̀wẹ̀ ẹlòmíì bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Tirẹ̀, rárá.

"Àǹtí Adùn, ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ṣiṣẹ́?"

Akínrìnádé nìyẹn, lórí ibùsùn kejì, rọ́bà lápá. Òun ló máa ń gun àpáta lọ ha olú kúrò lára àwọn páànù tó ń gba òòrùn fún ìlú. Àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ẹnu rẹ̀ sì tóbi ju àyà lọ.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń sinmi," mo ní. "Ó jọ ẹni tó ni ín."

"Háà! Àǹtí! Ẹ̀jẹ̀ tèmi? Ẹ̀jẹ̀ tó ti wo èèyàn mẹ́fà sàn?"

"Olú wẹ́wẹ́ ló ṣe àwọn mẹ́fà yẹn. Èyí yàtọ̀."

Ó mi orí. "Ìyá mi àgbà sọ fún wa pé wọ́n máa ń fi olú se ọbẹ̀ láyé ìjọ́un."

"Òótọ́ ni. Ara èèyàn gbóná jù fún un nígbà yẹn, kò lè gbé inú wa. Ìgbà tí ayé wá ń gbóná sí i, òun náà kọ́ ooru. À ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, òun ló ń jẹ wá."

Fèrè òòrùn dún. Aago mọ́kànlá ti lù. Àwọn ilẹ̀kùn ti ara wọn, irin sọ̀kalẹ̀ bo àwọn fèrèsé. Kò sẹ́ni tó tún máa jáde lórí òkè títí di aago mẹ́rin, nítorí òòrùn tó wà níta yẹn lè bó èèyàn láwọ. Àwa mẹ́rin ló kù nínú ilé: èmi, Akínrìnádé, Màmá, àti Gbádégẹṣin, olùṣọ́ òfin, tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú wàláà lórí itan. Wàláà yẹn fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sílẹ̀. Gbádégẹṣin kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn fẹ́ kí nǹkan rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni.

"Adùnbárìn." Ohùn Màmá gba inú ìbòmú rẹ̀ jáde. Ó ti rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn ọ̀gá ni síbẹ̀. "Ó ku mélòó?"

N kò purọ́ fún un rí. "Ìbú ìka kan, Ma, kó tó kan iṣan ńlá."

"Á débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn."

"Á débẹ̀, Ma."

Bó bá ti débẹ̀, ó tán nìyẹn. Àwa méjèèjì mọ̀. Ó pa ojú dé, ó ní, "Fún Akínrìnádé lóúnjẹ. Ẹni tó wá síbi ọ̀wẹ̀ kì í fi ebi lọ."

Ẹ gbọ́ o. Obìnrin tó ń kú lọ, oúnjẹ àlejò ló ń rò. Mo gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú Akínrìnádé, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́ bí apá òsì rẹ̀ ṣe wà nínú rọ́bà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo sọ ṣì ń dùn ún.

"Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ mi kì í ṣe ọ̀lẹ," ó ní. "Lọ́dún tó kọjá, Olóròdé bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ sí oko kòkó rẹ̀ tó wà lábẹ́ àtíbàbà. A tó ogún. A gbé àdá, a débẹ̀, a ò bá Olóròdé. Wọ́n ní ó ń sùn nílé. A jókòó sábẹ́ igi títí fèrè fi dún, a sì padà sílé. Ṣé ọ̀lẹ ni wá ni? Ta ló fi ààlà hàn wá? Àbí ká lọ ṣán oko olóko?"

"Jẹun, jẹ́ kí etí mi sinmi," mo ní.

Mo yíjú padà sí awò. Ọwọ́ mi wá dúró lójú kan.

Òfin kìíní Ilé Ọ̀wẹ̀ ni pé onílé kì í roko lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bẹ èèyàn wá kì í gbé ọkọ́. Oúnjẹ ló ń sè, omi ló ń bù. Nítorí náà, kí ẹ̀jẹ̀ àlejò tó wọ ara aláìsàn, a máa ń fún àwọn sẹ́ẹ̀lì aláìsàn náà ní omi oorun. Àwọn yẹn ni à ń pè ní onílé, àwọn tó ti ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí onítọ̀hún, pẹ̀lú àwọn ońṣẹ́ wọn tó ń gbé ìròyìn kiri. Wọ́n á sùn, àlejò á ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ olú wẹ́wẹ́, ó máa ń yẹ. Bó bá jẹ́ olú ńlá, èèyàn mọ́kànlá ti kú mọ́ wa lọ́wọ́, a sì máa ń sọ fún àwọn ẹbí wọn pé olú ló lágbára jù.

Lóòótọ́, iṣẹ́ Olóròdé kọ́ ni kó roko. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró létí oko kó ní, "Láti ibí yìí, ó di ìdí ìrókò yẹn." Ta wá ló sọ fún wa pé ẹni tí kì í roko gbọ́dọ̀ sùn?

Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Màmá, mo fẹ́ jí àwọn onílé."

Ojú rẹ̀ là. "Rárá."

"Ma, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo ní rárá. O mọ ìdí."

Mo mọ̀ ọ́n. Ìbíwùmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀ ẹ̀jẹ̀ fún, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Kò tíì sí omi oorun nígbà náà. Àwọn onílé rí àlejò, wọ́n figbe ta, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, omi kún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà, ó sì kú sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹkún ọjọ́ yẹn ni Màmá fi ṣòfin.

"N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún kú irú ikú yẹn," ó ní, ó ń mí gúlegúle. "Títí kan èmi náà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Ma."

Gbígbọ́ ni mo gbọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Mo padà sídìí àpótí, mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Alágbàsọ, ohun tó o gbọ́ lọ́jọ́ Ìbíwùmí, kà á fún mi."

"Ṣé láti ibi tó wà nínú ìwé?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, èmi tí mo ń fọ́nnu láti àárọ̀: n kò béèrè ìbẹ̀rẹ̀ rí. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, ibi igbe "olè" ló ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ló gé e síbẹ̀. Ìyá wo ló fẹ́ máa gbọ́ gbogbo rẹ̀?

Alágbàsọ kà á. "Àlejò wọlé. Onílé ní, ta nìyẹn? Àlejò ò dáhùn. Onílé ní, ta nìyẹn? Àlejò ò dáhùn. Onílé ní, ta nìyẹn? Àlejò ò dáhùn. Onílé ní, olè."

Lẹ́yìn ìyẹn, "olè" ni títí dé òpin.

Wọn ò kí onílé! A ti dá onílé lẹ́bi láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè kó tó pariwo. Àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, àwa tí a máa ń kí ẹni tó jókòó, a máa ń kí ẹni tó dúró, a máa ń kí ẹni tó ń jẹun, àwa la gbé àlejò gba inú iṣan wọlé onílé láìkí i. Ojú tì mí fún gbogbo wa.

Ohun tó wà níwájú mi kò ju mẹ́ta lọ, kò sì sí èyí tó dára nínú wọn. Bí mo bá pa òfin mọ́, Màmá á kú kó tó di aago mẹ́rin, òfin rẹ̀ á wà lódidi. Bí mo bá rú u tí kò yẹ, màá fi irú ikú tó pa ọmọ rẹ̀ pa òun náà, lẹ́yìn tó ti fẹnu ara rẹ̀ ní kí n má ṣe é. Bí mo bá rú u tó sì yẹ ńkọ́? Á jí, á sì mọ̀ pé Ìbíwùmí ìbá yè. Á mọ̀ pé òfin tí òun fi ẹkún ṣe ló pa àwọn mọ́kànlá. Èyí tó yẹ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mo nífẹ̀ẹ́ obìnrin yìí. Ta ni mí tí màá jí i sínú irú ayé bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ mi pé ẹni tó bá rí àṣìṣe tó fọwọ́ bò ó, kó má fi ọwọ́ yẹn kan aláìsàn òun mọ́. Mo dìde.

"Adùnbárìn." Gbádégẹṣin ti dúró. Ó ti rí ibi tí mò ń lọ, síbi ìgò omi ìjí tó ń lé omi oorun lọ, ìgò tó jẹ́ pé àtàǹpàkò mi nìkan ló lè ṣí i. "Jọ̀ọ́. Bí o bá ṣí ìgò yẹn, wàláà máa kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ tán nìyẹn, títí láé. N kò ní lè ràn ọ́ lọ́wọ́."

"Kó kọ ọ́ dáadáa," mo ní. "Kó kọ orúkọ bàbá mi mọ́ ọn. Adùnbárìn ọmọ Adégòróyè."

Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ ọn. Ìgò ṣí.

Mo fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí àwọn onílé tó ń sùn wà nínú rẹ̀ ní apá Màmá, òun náà ti sùn lọ nígbà yẹn, mo dà á sínú àwo dígí. Mo kán omi ìjí sí i. Mo dà lára ẹ̀jẹ̀ Akínrìnádé tó ṣẹ́ kù mọ́ ọn. Akínrìnádé ti gbé òkèlè dúró lọ́wọ́, ó gbàgbé láti jẹ ẹ́. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà, níta, kí wọ́n tó jọ wọlé.

"Onílé ní, ta nìyẹn?" Alágbàsọ sọ.

Mo súnmọ́ àwo náà.

"Àlejò ò dáhùn."

"Ẹ dáhùn, ẹ̀yin aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí!" Akínrìnádé pariwo mọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

"Onílé ní, ta nìyẹn? Àlejò ò dáhùn."

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Kí ni àlejò fi ń mọ onílé, bí wọn ò bá tíì rí ara wọn rí? Iṣẹ́ tó pe àlejò wá ni! Mo sáré mú èérún olú tí a ti sè kú, èyí tí a gbà nínú ikọ́ Màmá lánàá, mo jù ú sáàárín àwo.

Mo tẹ́ etí sí Alágbàsọ. Ó wá ní, "Ońṣẹ́ onílé ní, ẹ wò ó, ọ̀tá rè é. Àlejò ní, a rí i. Onílé ní, ẹ káàbọ̀."

Mo pariwo, Akínrìnádé pariwo. Ó jọ pé mo gbọ́ ohùn kan láti kọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n Gbádégẹṣin ní òun kọ́.

Mo dà wọ́n padà sínú iṣan Màmá, mo dojú kọ awò. Àwọn onílé ló ṣáájú. Wọ́n ń jí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń sùn bí wọ́n ṣe ń kọjá. Wọ́n dé ìdí olú, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n pè. Àwọn jagunjagun tó ti dúró láti aago mẹ́wàá wá gbéra, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ dé tú ìfun ara rẹ̀ jáde, ó fi ṣe àwọ̀n, ó dè mọ́ ìtàkùn olú, ó sì kú síbẹ̀. Ikú rẹ̀ pe ogún mìíràn. Ogún pe igba. Onílé ń nawọ́, ońṣẹ́ ń sáré, jagunjagun ń so mọ́ra, kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wọn, wọ́n sì ń ṣe é. Mo ti ń wo inú èèyàn láti ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò rí ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú ara àgbàlagbà kan tó ń kú lọ, ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀!

Ìtàkùn dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Nígbà náà ni èémí Màmá yí padà. Nǹkan ń hó nínú àyà rẹ̀. Omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, bó ṣe wọ ti Ìbíwùmí. Àwọn jagunjagun ò dáwọ́ dúró. Olú ti ń kú, wọ́n ṣì ń dà wọlé, wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilé onílé.

"Adùnbárìn!" Gbádégẹṣin ní.

"Mo rí i." N kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ tí mo lè dà sí i. Mo di ọwọ́ Màmá mú. Mo ní, "Ẹ má bínú, Ma. Ẹ má bínú sí mi."

"Onílé ní," Alágbàsọ sọ, "ó tó. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sinmi."

Mo gbé ojú sókè. Àwọn jagunjagun ń túká. Àwọn onílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkú jẹ, wọ́n ń gbálẹ̀ ilé wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn, "ó tó", kò sí níbì kankan nínú ìtàn Ìbíwùmí. Ẹni tó bá mọ àlejò rẹ̀ nìkan ló lè sọ fún un pé iṣẹ́ parí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Akínrìnádé ní, "Mo sọ fún yín àbí n ò sọ fún yín? Ẹ̀jẹ̀ tèmi!"

Màmá jí ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Ó yọ ìbòmú fúnra rẹ̀. Ó wo awò títí, ó wá wò mí.

"O jí wọn."

"Mo jí wọn, Ma." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

Kò bú mi. Ó ní, "Ti Ìbíwùmí. Jẹ́ kó kà á fún mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni, ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni kò gbọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó gbọ́ ọ tán. Omijé ń wọ́ lọ sí etí rẹ̀, kò nù ún.

"Wọn ò kí i," ó ní.

"Wọn ò kí i, Ma."

"Èmi ni mo rán wọn sínú ọmọ mi, mi ò kọ́ wọn ní ìkíni." Ó yíjú sí mi. "Àwọn tó kú lẹ́yìn rẹ̀, mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kànlá, Ma."

"Tí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí wọn. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

Gbádégẹṣin súnmọ́ wa pẹ̀lú wàláà rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. "Ma, bí ẹ bá pàṣẹ, mo lè pa èyí tó kọ nípa Adùnbárìn rẹ́."

"O ò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́," Màmá ní. "Mo ti gé ìwé lẹ́ẹ̀kan rí, o rí ohun tó fà. Òfin tó wà lónìí ló rú. Lọ́la ni a ó yí òfin."

Mo na àtàǹpàkò fún Gbádégẹṣin kó tó béèrè. Ó tẹ wàláà mọ́ ọn, ó sì yọ mí kúrò lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé náà mọ̀. Kò dùn mí lára. Ìgbà tí mo bá Alágbàsọ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ó ní, "Ta nìyẹn?" Ìyẹn dùn mí. N kò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe, màá tún un ṣe kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán.

Aago mẹ́rin lù, irin gòkè lójú fèrèsé, mo ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Fálóhùn, afọ́kúta tí ìyàwó rẹ̀ kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ látorí àtẹ̀gùn. Màmá kò jẹ́ kí n gbé òun ró, ó dìde jókòó fúnra rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Òfin tí mo ṣe ló pa ìyàwó yín. Olú kọ́. Àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ ti dé ẹnu ọ̀nà, èmi ni mo fún onílé ní oorun. Ìbá yè."

Fálóhùn kò jókòó. Ó wò ó títí tí ẹ̀rù fi bà mí pé ó máa na ọwọ́ sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yin náà ṣe àṣìṣe? Ta ló tó bẹ́ẹ̀ ní òkè yìí?"

Màmá gbé ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti lu káàkiri yẹn sókè, ó nà án sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ ni," ó ní. "Mo kọ́ ọ dáadáa."